Oògùn Tí Ìyá Télọ̀ Ń Fín Síta Fèrèsé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, ẹ yọ iná ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tọ́mọ ń sunkún lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbé e pọ̀n, kẹ́ ẹ dẹ etí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ló ń bí mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, inú bí mi débi pé mo tẹ fóònù fẹ́ẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni mo bá nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Obìnrin kan ni, aránṣọ. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Télọ̀. Ó sanra. Mi ò ní pọ́n ọ̀rọ̀ lé, òun náà kì í pọ́n ọn lé, ó sanra dáadáa. Ó sì tún ní ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní asíìmà. Hẹn-ẹn. Ẹ gbàdúrà kí nǹkan méjì yẹn má pàdé lára ẹnì kan. Torí tẹ́ni tó sanra bá ń mí gùlegùle, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń ṣe àyà ẹ. Wọ́n á kàn wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Lọ dín ara kù." Ó parí.

Láàárọ̀ Sátidé tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ kedere, Ìyá Télọ̀ ti dúró sídìí fèrèsé kíṣìnnì. Ínhélà pupa ló mú dání, èyí tí wọ́n ní kó máa fín sẹ́nu láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àyà ì báà dùn ún, kó má dùn ún. Ó mì í. Ó ṣí ìdérí ẹ̀. Ó na ọwọ́ síta fèrèsé. Fíìn! Ó tún un ṣe. Fíìn! Oògùn bá atẹ́gùn lọ.

Ṣé ẹ gbọ́ mi ṣá? Síta ni mo wí. Kò fín in sẹ́nu.

Ẹ má tíì bú u. Télọ̀ ni, tépù ò sì jìnnà sí i. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń wọn ìbàdí ara ẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ kọ iye tó jẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tó ṣírò ẹ̀: oṣù tóun bá ti ń gba oògùn asíìmà gan-an ni ìbàdí òun ń fẹ̀. Ó wá ní ínhélà pupa ni. Kò bi dókítà. Dókítà tó jẹ́ pé bó ṣe ń wọlé ló ti ń sọ fún un pé, "Ẹ lọ dín ara kù ná kẹ́ ẹ tó padà wá," kí lèèyàn fẹ́ bi onítọ̀hún?

Kí ló wá dé tí kò kúkú gbé e jù sílé, tó ń fín in dànù? Ọkọ ẹ̀ ni. Lára ínhélà yẹn, nọ́ńbà wà níbẹ̀ tó ń sọ iye tó kù. Ọkọ ẹ̀ á sì kà á ní gbogbo Sátidé, bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé wò. Pulọ́mbà lọkùnrin náà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tómi bá ń kán tó lẹ́yìn ògiri, á fi etí lé ògiri, á sì na ìka síbi tó ti ń kán gẹ́lẹ́. Oògùn wá ń jò látojú fèrèsé ẹ̀, kò gbọ́.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń gbé ínhélà náà súnmọ́ gílóòbù. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méjìléláàádọ́rùn-ún ni. Kò yingin. O ṣeun, ìyàwó mi."

"Mò ń gbìyànjú," ni Ìyá Télọ̀ wí. Kò wojú ẹ̀.

Ìyá ọkọ wọlé látẹ̀yìnkùlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú tán, omi ṣì ń kán lágbọ̀n ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn níyá ń gbé. Ẹ̀wà ti jinná látàárọ̀, búrẹ́dì wà nílẹ̀, ẹyin sísè wà nínú abọ́. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń bó ẹyin tiẹ̀.

"Ìyàwó, wá jẹun."

"Mi ò ní jẹ, mà. Tíì ni mo fẹ́ mu."

"Tíì ọjọ́ kẹta rèé. Ẹni tí ò jẹun tó tóbi tó báyìí, tó bá wá jẹun ńkọ́? Ṣé ká ti máa wá ilé míì ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn, ó fi búrẹ́dì dí i.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni pulọ́mbà wí.

"Kí ni mo ṣe? Kó wá jẹun ni mo ní. Ìyẹn náà ti dìjà?"

Ìyá Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó sanra mọ ẹ̀rín yẹn. Kí tẹlòmíì tó jáde lèèyàn ti ń rín tiẹ̀ sílẹ̀.

Tíì yẹn ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Bẹ́líìtì ló ti wá. Bẹ́líìtì ni orúkọ tá a fún aládùúgbò wọn kan, torí bẹ́líìtì fífẹ̀ dúdú kan tó ń dì mọ́kùn pinpin, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ sín, àfi kó kọ́kọ́ tú u. Òun ló ń ta tíì tó ń fa ikùn wọlé, òun náà ló ní kí Ìyá Télọ̀ máa fo okùn nígbà igba láràárọ̀ lórí ikùn òfìfo. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Télọ̀! Ṣó o ti fò?"

"Mo fo ọgọ́rùn-ún."

"Ọgọ́rùn-ún kẹ̀? Igba la jọ sọ!"

"Àyà ló ń fún mi, jọ̀ọ́."

"Ọ̀rá ló ń sá yẹn! Ibi tó ti ń sá lọ ló ti ń fún ẹ. Wò mí," ó fọwọ́ gbá ikùn ẹ̀, ó dún bí pákó, "ṣé o rí mi? Padà lọ fo tó kù."

Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò ń yọjú. Ó padà sẹ́yìnkùlé lóòótọ́, ó lọ fo tó kù. Ọmọ ẹ̀ ló ń bá a kà á. Nígbà tó dé ọgọ́sàn-án, ọmọ náà dákẹ́, ó ní, "Màámi, ohùn kan ń jáde láyà yín."

"Okùn ni," ni ìyá ẹ̀ wí.

Iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù wà. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, tíṣà kan wá gba síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó lọ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó jáde, ó ń yí po níwájú dígí.

"Háà, ó wọ̀ mí! Èmi tí mo ti rò pé mo sanra sí i."

Ó kúkú sanra sí i, ó tó ìka méjì. Ìyá Télọ̀ ló ti rí i láti ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tó mú aṣọ wá, tó jókòó tú ìṣẹ́po inú ẹ̀, tó tún un rán, tí kò sọ fẹ́nì kankan. Kò sáṣọ tóbìnrin yẹn máa rán tí kò ní ṣẹ́ ìka méjì sínú ẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Ó mọ̀ pé ara èèyàn kì í dúró lójú kan. Ó sì mọ bó ṣe ń rí kí aṣọ kọ̀ féèyàn lójú èèyàn.

Tíṣà dúpẹ́, ó mú báàgì ẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ṣùgbọ́n ìwọ náà wá nǹkan ṣe sí tìẹ o, Ìyá Télọ̀. Àbí tépù ẹ ò yí ẹ ká mọ́ ni?"

Ó ń fi ṣeré ni o. Ìyá Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ di fée, fée, fée, bí ìgbà tí wọ́n ń fun fèrè tó ti là. Ó na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ ẹ̀ ti sáré bá a yọ ínhélà búlúù, èyí tí wọ́n ń fín tí àyà bá dì. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Kò jáde. Ó mì í, ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oṣù márùn-ún ni búlúù ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ mọ́ ti pupa, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti tán.

"Bàbá mi! Bàbá mi o! Ẹ wá!"

Pulọ́mbà tó wà lójú ẹ̀rọ omi nílé òdìkejì ju sípánà sílẹ̀, ó sáré dé. Nígbà tó fi máa dé, ètè ìyàwó ẹ̀ ti ń dà bí eérú. Ó jókòó sórí àga onítáyà tó fi ń ránṣọ, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ó ń wá atẹ́gùn bí ẹni ń wá owó tó já bọ́ sínú omi. Takisí kan ń kọjá, wọ́n dá a dúró. Awakọ̀ wo Ìyá Télọ̀. Ó wo táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀. Ó tún wo Ìyá Télọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Sípíríǹgì mi ò lágbára. Ẹ wá ọkọ̀ ńlá."

Ó wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ.

Mi ò ní sọ nǹkan kan síyẹn.

Pulọ́mbà yíjú sí àga tí ìyàwó ẹ̀ jókòó lé. Àga yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló rí i nídìí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti jù ú nù, òun ló pààrọ̀ táyà ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó tì í bọ́ sójú títì. Ilé ìwòsàn ò ju òpópónà méjì lọ. Bẹ́líìtì sáré jáde, ó rí i pé ìyàwó yẹn máa yọ̀ bọ́ tí wọ́n bá bọ́ sí kòtò. Ẹ wò ó, ó tú bẹ́líìtì. Lójú gbogbo wa! Ikùn tú jáde bí àpò tí wọ́n já okùn ẹ̀. Kò bìkítà. Ó fẹ́ fi de itan Ìyá Télọ̀ mọ́ àga, bẹ́líìtì ò yí i ká. Ìyá ọkọ já gèlè lórí, ó so ó mọ́ bẹ́líìtì, ó yí i ká. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìwúwo. Wọ́n kàn dè é.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ lójú títì. Pulọ́mbà ń tì, Bẹ́líìtì ń gbé táyà iwájú tó bá kó sí kòtò, ọmọ ń sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú àpò tí ínhélà wà nínú ẹ̀. Ìyá ọkọ ló ṣíwájú, orí lásán, bàtà lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ pé orúnkún ò jẹ́ kó lọ ra iyọ̀.

"Ẹ yà! Ẹ yà lọ́nà! Ìyàwó mi ni! Ìyàwó mi ò rí èémí mí!"

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rẹ́rìn-ín. Ìyá ju bàtà ẹsẹ̀ kan lù ú. Títí dòní a ò rí bàtà yẹn mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ n kí i ká tó lọ síwájú. Ọlọ́run á bá wa fún un ní tiẹ̀. Kò ní, "Háà." Kò béèrè ìwọ̀n. Ó rí i pé apá àga yẹn há Ìyá Télọ̀ mọ́ ní ìhà méjèèjì, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ mí, irin ń gún un. Ó wọlé, ó fa àga gbọọrọ kan tí ò lápá jáde, ó tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n jọ ràn án lọ́wọ́ bọ́ sórí ẹ̀. Kò sọ ìdí. Ó kàn ṣe é ni, bí ẹni ṣẹ́ ìka méjì sínú aṣọ. Ó fi nǹkan bò ó nímú àti lẹ́nu, oògùn ń tú jáde níbẹ̀ bí èéfín tútù. Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ẹ rọra. Mo wà níbí. Ẹ mí sínú... ẹ mí síta. Ẹ ṣeun, mà. Òmíì."

Ó pẹ́. Ìyá ọkọ ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó yá, fèrè inú àyà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ètè padà sí pupa. Pulọ́mbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi apá nu ojú.

Nọ́ọ̀sì wá gbé ìwé ẹ̀. "Ínhélà tojoojúmọ́ ńkọ́, mà? Ṣé ẹ̀ ń lò ó?"

Ìyá Télọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ń lò ó, nọ́ọ̀sì!" Pulọ́mbà yọ ínhélà pupa nínú àpò, ó ń nà án sókè. "Èmi ni mò ń ka nọ́ńbà ẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ìyá ọkọ na ọrùn. "Ṣé èyí tó ń fín síta fèrèsé láràárọ̀ nìyẹn? Èmi rò pé tẹ̀fọn ni."

Pulọ́mbà yíjú sí ìyá ẹ̀.

"Kí lẹ wí, Màámi?"

"Ó máa ń na ọwọ́ síta kíṣìnnì, á fín in lẹ́ẹ̀mejì, èmi á wà nísàlẹ̀ níbi tí mo ti ń bọ́jú. Mo tiẹ̀ máa ń sọ lọ́kàn mi pé ìyàwó yìí mà ń tọ́jú ilé o, ẹ̀fọn ò sì dín kù. Kí lẹ̀ ń wò mí sí? Kí ni mo tún sọ?"

Pulọ́mbà wo ínhélà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ó rọra gbé ọwọ́ ẹ̀ wálẹ̀.

Ìyá Télọ̀ ṣí nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu. "Ó ń mú mi sanra," ló wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ọmọ kékeré lọ. "Mo wọ̀n ọ́n. Gbogbo èèyàn ní kí n dín ara kù. Gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n mí."

Èmi tí mò ń tẹ èyí, mo gbé fóònù sílẹ̀ níbí yìí fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ò bú u. Ó fa àpótí, ó jókòó tì í. "Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti mu oògùn oníhóró tí wọ́n ń fún yín tí àyà bá dì gan-an?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Hẹn-ẹn. Téèyàn bá ń mu ìyẹn léraléra, ebi á máa pa á, ara á sì máa wú. Ojú yín ò tàn yín, ara yín fẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí kò ṣe é lẹ mú. Eléyìí tẹ́ ẹ ń fín síta, ìwọ̀nba ló wà nínú ẹ̀, inú àyà ló sì ń lọ tààrà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má dé ìdí oníhóró mọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń lé eléyìí lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún tọ̀hún."

"Kí n má dín ara kù mọ́ nìyẹn?"

"Ẹ máa dín in, mà. Tó bá fi díẹ̀ péré dín, àyà yín á mọ̀ ọ́n, ẹ ó máa mí dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mí ná. Ẹ fi okùn sílẹ̀. Ẹ máa rìn nílẹ̀ títẹ́jú, kẹ́ ẹ mú ẹnì kan dání, kẹ́ ẹ jọ máa sọ̀rọ̀. Ibi tẹ́ ò bá ti lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ dẹsẹ̀. Ẹ mú ínhélà búlúù tuntun dání. Ẹ sì jẹun, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin, níwọ̀nba. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a jọ máa ṣe é ni."

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni ìyá ọkọ wí.

"Màámi! Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Lónìí yìí náà?"

Ìyá Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni tọ̀tẹ̀ yìí, kò sì dìkọ́. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ jàre. Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Bẹ́líìtì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. Nọ́ọ̀sì ti gbóòórùn tíì Bẹ́líìtì tó bá ínhélà wà nínú àpò, ó ní oògùn ìyàgbẹ́ ni, omi ara ló ń gbé lọ, kò débi ọ̀rá.

"Ìwọ náà ń mu ún?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Èmi kẹ̀?" Bẹ́líìtì wolẹ̀. "Èmi ò mu ún rí o. Bẹ́líìtì ni."

Ìrọ̀lẹ́ lérò ilé padà. Ẹsẹ̀ ni Ìyá Télọ̀ fi rìn, ó rọra ń rìn, Bẹ́líìtì dì í lápá mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Pulọ́mbà ń ti àga òfìfo bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wọlé tán ló tó ní, "Nọ́ńbà ni mò ń wò. Mi ò wo ìwọ."

"Ẹ má bínú sí mi."

Kò ní òun ò bínú. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá fún un pé kó fi wẹsẹ̀.

Ìyá Télọ̀ kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ tán. "Ẹ ṣeun, mà. Bí ò bá sí ti ẹnu yín lónìí, irọ́ ni n bá pa fún nọ́ọ̀sì, n bá tún padà síbi fèrèsé yẹn."

"Ẹnu mi?" ni ìyá wí. "Ẹnu tí gbogbo yín ní kí n máa pa mọ́?"

Ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Tọjọ́ yẹn, ìwòsàn ló mú wá. Ṣùgbọ́n ìyá ò tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ àárọ̀ o, ẹ má retí ẹ̀. Ó kàn dìde, ó bu ẹ̀wà àárọ̀ tó ti gbé kaná. Abọ́ ìyàwó ló kọ́kọ́ bù, kó tó bu tọmọ ẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ó bó ẹyin, ó gbé e lé e. Kò wojú ẹnì kankan.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Wọ́n jẹun. Ìyá Télọ̀ lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo gbogbo nọ́ńbà tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ síbẹ̀. Kò pa á rẹ́, kò sì wọn nǹkan kan. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú ínhélà pupa, torí àsìkò tìrọ̀lẹ́ ti tó, ẹsẹ̀ sì mọ̀nà, ó gbé e lọ tààrà sídìí fèrèsé kíṣìnnì.

"Kò sẹ́fọn níbẹ̀ o!" ni ìyá ọkọ pariwo láti pálọ̀.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Télọ̀ yí ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ó mì í, ó mí síta tán, ó kì í bọ ẹnu. Ó fà á sínú, ó sé e mọ́ àyà, ọmọ ẹ̀ ń bá a kà á títí dé mẹ́wàá. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó fomi yọ ẹnu, ó na ínhélà náà sí ọkọ ẹ̀ kó ka nọ́ńbà.

Pulọ́mbà gbà á. Ó gbé e sórí tábìlì láìwò ó. Ó fa ìyàwó ẹ̀ mọ́ra, ó tẹ orí, ó fi etí lé e láyà, bó ṣe máa ń fi etí lé ògiri, ó ń gbọ́ bóyá nǹkan kan ṣì ń jò.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́ o."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí látàárọ̀, ẹ wá dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni pulọ́mbà, tẹ́ ẹ gbọ́ pé oṣù márùn-ún ni wọ́n ti fi nọ́ńbà tàn yín, ṣé ẹ ó lè fi etí lé àyà yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà? Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni Ìyá Télọ̀, tí gbogbo ayé ní kẹ́ ẹ fọn, tẹ́nì kankan ò ní kẹ́ ẹ mí, ṣé ó dá yín lójú pé ọwọ́ tiyín ò ní nà síta fèrèsé?